Ìwé Ìbí Tí Mo Fi Pamọ́

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀dọ́ dúró ti ohun kan, àfi kó wá nǹkan tí yóò fi dè é mọ́lẹ̀. Bí mo ṣe máa ń sọ nìyẹn ní Kùmásí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, tí mo rò pé mo gbọ́n. Ẹ̀rín ni mo fi máa ń sọ ọ́, bí àgbà tó ń gba ọmọdé nímọ̀ràn. Bí mo bá rántí rẹ̀ lónìí, ojú a gbà mí tì, kódà bó jẹ́ èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá.

Iṣẹ́ ẹ̀ńjìnnì ni mo ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní àdúgbò Sawaba, láàárín alágbẹ̀dẹ kan àti ìyá Hausa kan tó ń ta kókò, ẹ̀kọ ọkà gbígbóná, láàárọ̀. Mo ń tún ẹ̀ńjìnnì tróòtró, ọkọ̀ akérò wọn, ṣe, mo ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe. Ohunkóhun tó bá sáà ti ń yọ èéfín, ẹ gbé e wá. Lọ́jọ́ kan, òyìnbó kan gbé ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi wá bá mi. Mo tú u, mo tò ó padà, ó sì dáhùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹni tó ń wa ọkọ̀ fún ẹgbẹ́ wọn ní adágún Bosomtwe ní gbogbo Sátidé.

Eré tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ẹni tí kò bá rí i rí lè ní irọ́ ni. Ènìyàn á ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú pátákó gígùn méjì, á di okùn mú, ọkọ̀ á fà á títí á fi dìde dúró, á sì máa sáré lórí omi. Bí wọ́n bá ń díje, wọ́n á to bọ́ọ̀lù mẹ́fà sójú omi, ẹni tó bá gba ẹ̀yìn gbogbo wọn kọjá láìṣubú ló borí. Àwọn ará abúlé etí adágún kì í fi irin kan omi yẹn; èèwọ̀ ni. Orí pátákó pẹlẹbẹ ni apẹja wọn ń jókòó sí, ọwọ́ ló sì fi ń wa ara rẹ̀ kiri. Kí ẹgbẹ́ òyìnbó tó gbé ẹ̀ńjìnnì débẹ̀, ọtí tí wọ́n gbé lọ bẹ àwọn àgbà kì í ṣe ìgò kan tàbí méjì. Àwọn àgbà náà gbà, ṣùgbọ́n wọ́n á jókòó sábẹ́ igi, wọ́n á máa wò wá bí ẹni ń wo ọmọ tó ń fi iná ṣeré.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ náà ní àwọn fẹ́ ẹ̀ka ọ̀dọ́: àwọn ọmọ Kùmásí tó ti pé ọdún méjìdínlógún, tí wọn kò tíì ju mọ́kànlélógún lọ. Èmi ni wọ́n ní kí n kó wọn jọ. Ibo ni màá ti rí ọ̀dọ́ bí kò ṣe ṣọ́ọ̀ṣì wa? Yorùbá ni gbogbo wa níbẹ̀. Àwọn òbí ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà wá ṣòwò, Kùmásí ni wọ́n sì bí àwọn ọmọ sí. Bí àwọn ọmọ náà bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ní Yorùbá, Twi ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. Méje ni mo rí kó jọ.

Kíkó wọn jọ kò le. Kí wọ́n dúró ni wàhálà. Ọ̀kan ríṣẹ́ akọ̀wé, ó ní òun kò ráyè mọ́. Bàbá òmíràn ní ọjọ́ Sátidé lọjà ń kún, ṣé omi ni yóò bá òun tajà ni? Ọmọbìnrin kan ní omi ń ba irun tí òun fi iná nà jẹ́. Mo ra wáàkyé, ìrẹsì alẹ́wà, fún wọn títí ó fi sú mi. Mo pín iṣẹ́ kí kálukú lè rí ara rẹ̀ bí ẹni pàtàkì: ẹnì kan á jókòó sínú ọkọ̀ kó kọjú sẹ́yìn, kó máa wo ẹni tó wà lórí okùn; ẹnì kan á máa ká okùn; ẹnì kan á máa kọ èsì. Ìyẹn ṣiṣẹ́ fún oṣù méjì, ó tún dẹnu kọlẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ọgbọ́n burúkú kan. Ẹgbẹ́ ní kí olúkúlùkù mú ìwé ìbí rẹ̀ wá, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọjọ́ orí rẹ̀ bá ìdíje àwọn ọ̀dọ́ mu. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yẹ̀ wọ́n wò, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́ pé kí n dá wọn padà. N kò dá wọn padà. Mo kó wọn sínú àpòòwé kan, mo sì tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́ mi, lábẹ́ àwọn sípánà. Ẹni tó bá fẹ́ fi wá sílẹ̀ á ní láti wá gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ mi, bó bá sì ti dé ọ̀dọ̀ mi, ẹnu mi dùn. Ẹni méjì ni mo fi ọgbọ́n yẹn dá padà. Orí mi wú. Mo tún sọ ọ́ fún ìyàwó mi, ó ní, “Ìwé oníwèé?” Mo ní kó má dá sí ohun tí kò yé e.

Nínú àwọn méje náà, ọmọbìnrin mìíràn wà tí n kò fẹ́ pàdánù. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ìyá rẹ̀ ń ta àwo àti bẹ́ésìn tánganran ní ọjà Tafo. Bàbá rẹ̀ ti kú. Òun nìkan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ bí. Lórí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti di okùn mú nínú omi, á pariwo pé “Kɔ!”, ìyẹn ni pé kí n máa lọ, kò sì ní jẹ́ kí n sinmi mọ́. Á tẹ orúnkún rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àpótí ìdáná, á gba ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù kìíní, á gba ti ìkejì. Bó bá ṣubú, omi á wọ̀ ọ́ nímú, á húkọ́, á rẹ́rìn-ín, á tún ní “Kɔ!” Mo fẹ́ràn ọmọ náà. Mo sì tún fẹ́ràn bí àwọn òyìnbó ṣe máa ń wò mí nígbà tí wọ́n bá rí ohun tí ó ń ṣe.

Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta ni mo fi bẹ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn kí wọ́n tó gbà fún un. “Ọmọ kan ni mo bí,” wọ́n ní, “ẹ tún fẹ́ mú un lọ fún omi.” Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Mà, ọwọ́ mi ló wà.”

Ní ìparí ọdún 1969, ìjọba ka òfin kan lórí rédíò: àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló ní láti fi kúrò ní Gánà. Ẹ má bi mí bí ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe rí lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà tó ti lo ogójì ọdún níbẹ̀, tí wọn kò ní ju ìwé ìrìbọmi lọ, ń wo ojú ara wọn. Ṣùgbọ́n àwa tí wọ́n bí síbẹ̀, ẹ̀rín là ń rín. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ mi ní, “Bọ̀ọ̀dá, wɔwoo me wɔ ha. Ibí ni wọ́n bí mi sí. Ìwé kí ni? Them no fit sack me.” Mo gbè é lẹ́sẹ̀. Mo ní ẹni tí wọ́n bí sí Kùmásí kì í ṣe àlejò ẹnì kankan. Àṣìṣe tí gbogbo wa ṣe nìyẹn: a rò pé ẹni tó dé lánàá ni òfin náà ń bá wí. Tèmi tún wá rọrùn, nítorí òyìnbó tó gbé ẹ̀ńjìnnì wá bá mi níjọ́sí ti bá mi fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́, wọ́n sì ti fún mi ní ìwé ìgbélùú láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó yó kò mọ̀ pé ebi ń pa ẹnì kan.

Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀rín ti tán. Àwọn òbí ń di ẹrù, lọ́rì ń kún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọmọ ń wá gba ìwé wọn, mo sì ń fún wọn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Mẹ́fà ni mo fún ní tiwọn láìbá wọn jiyàn. Ti ọmọbìnrin yìí nìkan ló kù, nítorí òun kò tíì béèrè.

Ìdíje ọdún náà bọ́ sí Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Akọ̀wé ẹgbẹ́ sì ti là á mọ́lẹ̀ fún mi pé bí kò bá sí ọ̀dọ́ kankan nínú ìdíje, ẹ̀ka ọ̀dọ́ parí nìyẹn, a kò sì ní rí ọkọ̀ lò mọ́. Gbogbo làálàá mi! Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí mo lè fi hàn wọ́n.

Lọ́jọ́bọ̀, ìyá rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Eré ni wọ́n bá débẹ̀. Gèlè wọn ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Ọmọ mi, ìwé ìbí ọmọ yẹn dà? Ọ̀gbẹ́ni kan ní ọ́fíìsì ìwé ìgbélùú ní bí èmi àti ọmọ náà bá dé ọ̀dọ̀ òun lọ́la, òun á fún àwa méjèèjì ní fọ́ọ̀mù. Ọ̀la nìkan ni o. Ó ní ọmọ náà ti dàgbà, kò lè wà lórí ìwé tèmi, ó gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀.”

Àpótí irinṣẹ́ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, tí mo gbé sípánà mélòó kan kúrò, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n mo mọ bí ìlà ọ́fíìsì yẹn ṣe rí. Ẹni tó bá tò síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, Sátidé lè bá a níbẹ̀. Mo rí ìdíje mi tó ń bọ́ lọ́wọ́ mi.

“Áà, Mà,” mo ní, “akọ̀wé ẹgbẹ́ ló tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ti lọ sí Àkrá, ó di ọjọ́ Àìkú kó tó dé.”

“Yéè! Kò sí ẹlòmíràn tó ní kọ́kọ́rọ́ ni?”

“Kò sí, Mà. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ lọ ṣe tiyín lọ́la. Ọmọ tí wọ́n bí síbí, ta ló fẹ́ lé e? Bó bá di Mọ́ńdè, èmi fúnra mi ni màá mú un lọ.”

Wọ́n wò mí, wọ́n sì gbà mí gbọ́. Wọ́n tiẹ̀ gbàdúrà fún mi kí wọ́n tó lọ, pé n kò ní wá olùrànlọ́wọ́ tì láyé mi. Mo ṣe àmín.

N kò fẹ́ ṣe àwíjàre. Mo máa ń sọ fún ara mi pé lóòótọ́ ni mo gbà pé ọjọ́ Mọ́ńdè á tó. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn bá gbà gbọ́ dáadáa, kì í fi irọ́ tì í lẹ́yìn. Irọ́ tí mo pa ló fi hàn pé mo mọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá rẹ̀ gba fọ́ọ̀mù, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé ọmọ lọ sí Bosomtwe. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, omi tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí mo ṣe ń da epo sí ẹ̀ńjìnnì, ó ní rọ́bà tó di ẹsẹ̀ òun mọ́ pátákó ti dẹ̀, òun fẹ́ púláyà. Mo nawọ́ sí àpótí irinṣẹ́ láìronú. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ kó tó padà wá.

Eré tó sá lọ́jọ́ náà, n kò rí irú rẹ̀ rí. Bọ́ọ̀lù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló gba ẹ̀yìn wọn, lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ṣe dáadáa jù nínú àwọn ọmọ òyìnbó tó bá a díje, níbi ìkarùn-ún ló ti ṣubú. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Wọ́n gbé ife kékeré kan lé e lọ́wọ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ẹ̀ka ọ̀dọ́ kò parí mọ́. Nígbà tí à ń bọ̀ nínú mọ́tò, ọmọ náà gbé ife sórí itan, ó ń wo ìta.

“Ṣé ó rẹ̀ ọ́ ni?” mo bi í.

“Daabi, Bọ̀ọ̀dá,” ó ní. “Kò rẹ̀ mí.”

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo mú un lọ sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ìwé ìbí rẹ̀, bí mo ti ṣèlérí. Ọ̀gbẹ́ni tí ìyá rẹ̀ wí kò burú sí wa. Ó ka ìwé náà, ó ní ó dára, ká ní a mú un wá lọ́jọ́ Ẹtì ni, wọn ì bá ti lu òǹtẹ̀ lé e. Fọ́ọ̀mù ti tán. Ọ̀la ni ọ̀sẹ̀ méjì pé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un lórí sìmẹ́ńtì níṣojú gbogbo ènìyàn. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n dìde, òun náà kò ní agbára kankan.

Báyìí ni ìyá tí wọ́n bí sí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe gba ìwé àtigbé ní Kùmásí, tí ọmọ tí wọ́n bí sí Kùmásí, tí kò kọjá Àkrá rí, ń di ẹrù lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà náà, ọwọ́ mi sì lorí ọmọ náà ti wọ́.

Ìyá rẹ̀ ní àwọn á bá a lọ. Gbogbo wa la bẹ̀ wọ́n. Ilé wọn kún fún ọjà. Àbúrò bàbá ọmọ náà kan ṣoṣo ló kù ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó lè gbà wọ́n, inú yàrá kan ni òun náà àti ìdílé rẹ̀ ń gbé. A ní kí ọmọ ṣáájú, oṣù díẹ̀ ni, ara ìjọba á rọ̀, á padà wá. Ohùn tèmi ló ròkè jù nínú ẹ̀bẹ̀ yẹn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, mo bá a gbé báàgì rẹ̀ dé ìdí lọ́rì. Ìyá rẹ̀ wà níwájú, wọ́n ń bẹ dírẹ́bà pé kó wá ibi tó dára fún un. Ọmọ náà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Bọ̀ọ̀dá, mo rí ìwé yẹn lọ́jọ́ Sátidé. Nínú àpótí yín, nígbà tí mo ń wá púláyà.”

Ọ̀rọ̀ tó wá sí mi lẹ́nu ni pé, “Kí ló dé tí o kò mú un?”

“Mo rò pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe.”

Kò bínú. Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn fún mi. Ó wo ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Mepa wo kyɛw, Bọ̀ọ̀dá, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún Màmá. Tí wọ́n bá mọ̀, wọn ò ní bá yín sọ̀rọ̀ mọ́, wọn ò sì ní ẹlòmíràn níbí. Ẹ bá mi tọ́jú wọn.”

Mo ní, “Yoo,” mo gbà. Lọ́rì gbéra.

Oṣù díẹ̀ tí à ń wí di ọdún, ọdún gorí ọdún. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ tí mo torí rẹ̀ purọ́ kò pé oṣù mẹ́ta tó fi kú. Ta ló kù tí màá kó lọ? Mo dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ padà fún wọn, n kò sì dé etí adágún yẹn mọ́. Ọmọbìnrin náà ríṣẹ́ tíṣà, ó lọ́kọ sí Ìbàdàn, ó bímọ méjì. Ìwé ìrìnnà, owó ọkọ̀, oyún, ọmọ ọwọ́: bí èyí bá kúrò lọ́nà, ìyẹn á dé. Kò rí ọ̀nà wá. Ìyá rẹ̀ náà kò rí ọ̀nà lọ, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n.

Mo tọ́jú wọn. Ìyẹn ni mo lè sọ láìfi ojú pamọ́. Mo tún òrùlé wọn ṣe. Mo ń bá wọn gbé bẹ́ésìn lọ sí ọjà Tafo kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Wọn kò mọ̀wé kà, nítorí náà èmi ni mo ń ka lẹ́tà ọmọ fún wọn, èmi ni mo sì ń bá wọn dá èsì padà. Nínú gbogbo lẹ́tà yẹn, ọmọ náà kò mẹ́nu kan omi tàbí okùn tàbí ife rí. Bí wọ́n bá dìde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá rẹ̀ á ní Ọlọ́run gba ọmọbìnrin lọ́wọ́ òun, ó sì fi ọmọkùnrin rọ́pò. Àwọn ènìyàn á yíjú wò mí, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi á wolẹ̀. Wọ́n á ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún ìyá náà, màá wá sọ fún ara mi pé ìlérí tí mo ṣe fún ọmọ ni mo ń pa mọ́. Irọ́ tún ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ní nǹkan bí ọdún kẹfà, àìsàn inú dá ìyá náà dùbúlẹ̀, a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Bantama. Mo ń lọ wò wọ́n lójoojúmọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ní kí n ra ìwé àti bírò wá, àwọn fẹ́ kọ̀wé sọ́mọ àwọn. Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì.

“Kọ ọ́ pé ara mi ń yá.”

Kò yá, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́.

“Kọ ọ́ pé kó fún àwọn ọmọ lóúnjẹ dáadáa. Kó má jẹ́ kí wọ́n máa jẹ ìjẹkújẹ lójú títì.”

Mo kọ ìyẹn náà.

“Kọ ọ́ pé láti ọjọ́ tó ti lọ, kò sí ẹni tó ṣe mí lóore tó bọ̀ọ̀dá rẹ̀. Kọ ọ́ pé bí mo bá kú, kó má gbàgbé oore tó ṣe wá. Ní kó máa fi orúkọ rẹ̀ gbàdúrà.”

Mo tẹ bírò mọ́ ìwé, mo fì í síbí, mo fì í sọ́hùn-ún, n kò kọ nǹkan kan. Mo kọ “ó dàbọ̀” sí ìsàlẹ̀.

“Kà á fún mi,” wọ́n ní.

Mo kà á láti òkè. Nígbà tí mo dé ìparí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìwé náà. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi.

“O fo ibì kan. Ibi tí mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.”

“Mà, ẹ jẹ́ kó…”

“Ojú ló ń tì ọ́. Kọ ọ́. Lẹ́tà mi ni.”

Ojú ń tì mí lóòótọ́. Mo mọ ẹni tó máa kà á. Mo mọ̀ pé bó bá ti ṣí i, yóò dá ọwọ́ mi mọ̀. Mo tún tẹ́ ìwé náà sórí itan, mo sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì: kò sí ẹni tó ṣe mí lóore tó bọ̀ọ̀dá rẹ. Wọ́n ní kí n kà á sókè kí àwọn lè gbọ́. Mo kà á.